Orúkọ tí Alhaji Yọ Kúrò

Lọ́dún 1998, Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ í-meèlì fún Àrínọlá Akínfẹ́nwá, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, ọmọ Èkìtì tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kì í sú. Kò ní tẹlifóònù nílé. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ló ń kọ lẹ́tà rẹ̀ sí, á gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan ní Allen Avenue. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń fi gbogbo lẹ́tà ránṣẹ́ pọ̀, ṣáájú ìgbà yẹn, wọn a ti tẹ èyí tó bá wọlé sórí bébà fún oníkálukú.

Alhaji kan ni wọ́n jọ máa ń dúró lórí bẹ́ǹṣì, àgbàlagbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ dá dúró nígbà SAP, ètò ìjọba tó mú ọrọ̀ ajé le. Àrínọlá a kúnlẹ̀ kí i, wọn a jọ jẹ ẹ̀pà.

Nínú ẹgbẹ́ tó ń fi í-meèlì jiyàn ńkọ́? Ibẹ̀ ni kò ti mojú ẹnì kan. Oṣù mẹ́jọ lòun àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Shuaib ti ń jiyàn níbẹ̀. Nínú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, Linux ni ti Àrínọlá, Windows ni ti Shuaib. Àrínọlá kọ ètò tó ń ṣírò èsì ìdánwò iléèwé, ó fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó sọ bí wọ́n ṣe lè lò ó. Shuaib ní ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ tọrẹ, orí rẹ̀ ò pé.

Lọ́sẹ̀ kan ló rí ètò náà ní iléèwé kan l'Ágége. Wọ́n ti yí i kó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows, orúkọ Shuaib ló wà níbi tí tirẹ̀ wà. Inú bí i gan-an. Ó kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹgbẹ́, ó pe Shuaib lólè nínú rẹ̀; nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó fi dísíkẹ́ẹ̀tì náà lé akọ̀wé ọ́fíìsì náà lọ́wọ́.

Akọ̀wé tuntun ni. Kò fi nọ́ńbà pe èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. "Alhaji Shuaib! Ìwé yín dé o."

Alhaji tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà dìde.

Àrínọlá náà dìde. "Alhaji, èmi ni A. Akínfẹ́nwá."

"Ìwọ kẹ̀? Mo rò pé ọkùnrin ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yọ orúkọ mi?"

"Àwọn iléèwé á wá ẹ lọ, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ẹ sì ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ tà á."

"Ṣé ẹ ti kà á ni?"

Alhaji ní òun ò tíì kà á. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló ti ń bá ìwé tí kò kà jà! Àrínọlá fa ẹ̀dà kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ lè tà á, sà. Kẹ́ ẹ ṣáà fi orúkọ mi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn tó rà á rí bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe."

Alhaji gbé awò ojú wọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àrínọlá wo agogo: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù. Inú ṣì ń bí i, àmọ́ àánú bàbá náà ṣe é. Ó gba dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà lọ́wọ́ akọ̀wé kí lẹ́tà ẹ̀sùn náà tó lọ, kò sọ fún Alhaji.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà Shuaib sí gbogbo ẹgbẹ́ ló wà lókè bébà tí wọ́n tẹ̀ fún Àrínọlá: "Ètò èsì ìdánwò tí mò ń tà, A. Akínfẹ́nwá ló kọ ọ́. Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ̀. Mo ti dá a padà, ẹ má bínú. Windows ṣì dáa ju Linux lọ."

Ẹ̀rín pa Àrínọlá, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Alhaji, ìparí lẹ́tà yẹn, a ṣì máa jà lé e lórí o."

"Kọ ọ́ ránṣẹ́," ni Alhaji wí, ó sì ti ẹ̀pà sún mọ́ ọn.