Bàtà Ló Ń Tò ní Òdòdé

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí oòrùn lè mú un gbẹ, ló gba imú mi kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Bó o bá ti gbé ní Òdòdé Ìdànrè rí, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nípa òórùn yẹn. Ó kan bí ọtí àná, ó dùn bí èso tó pọ́n kọjá ààlà, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ aṣọ títí di ọjọ́ tí wọ́n á fọ̀ ọ́. Ìyàwó mi, tó wá láti ìlú tí wọn kì í gbin kòkó, ní ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbàgbé ìkòkò ọbẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Mo sọ fún un pé bí owó ṣe ń rùn kó tó di owó nìyẹn. Ìkùukùu ṣì bo orí àpáta lọ́jọ́ náà, ìrì sì wà lórí koríko, èmi àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun sì ń yára lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè ra káàdì.

Má rẹ́rìn-ín. Káàdì agbábọ́ọ̀lù ni mò ń sọ, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń kó jọ tí wọ́n máa ń fi ṣe pààrọ̀ lẹ́yìn kíláàsì nígbà tí wọ́n rò pé tíṣà ò rí wọn. Ti àwọn ọkùnrin la ti ń rí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ti àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wa jáde, gbogbo ẹgbẹ́ náà nínú páálí kékeré kan. Ọmọ kan sì wà láàárín wọn tó jẹ́ pé Òdòdé ló ti kàwé, kíláàsì tí mò ń kọ́ gan-an ló jókòó sí, bí a bá lè pe ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ní ìjókòó. Oníṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ọjà ti gbé e sórí fóònù rẹ̀ pé òun á bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé díẹ̀ lòun rí gbà, pé òun ò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Ni gbogbo ìlú bá dìde. Àwọn tí kò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọsàn dìde. "Ọmọ wa" ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ọmọ wa, ọmọ wa.

Kí n tó bá ọ̀rọ̀ lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń tò fún ọ. Nídìí ẹ̀rọ omi, kẹ́ẹ̀gì là ń tò. Ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì lè lọ sùn, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ á dúró dè é. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, bàtà ni. Wàá bọ́ sálúbàtà rẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ti ẹni tó ṣáájú rẹ, wàá sì lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lódìkejì. Èèyàn kì í tò, bàtà ló ń tò. Ẹni tí bàtà rẹ̀ kò sí nílẹ̀ kò tíì dé, bó ti wù kó dúró pẹ́ tó. Ètò tó dára ni, mo sì ti máa ń fi yangàn fún àwọn àlejò pé ní Òdòdé, bàtà wa gan-an ní ìwà ọmọlúàbí.

Nígbà tí mo dé, ìlà bàtà ti gùn. Bàtà aláwọ kan tó ń dán ló wà níwájú pátápátá, ti Bàbá Oníkòkó, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ìrọ̀lẹ́ àná ló ti ní kí wọ́n bá òun gbé e wá. Bàtà ti sùn síbẹ̀, olówó rẹ̀ ń hanrun nílé. Mo bọ́ tèmi sí ìdí ìlà, mo sì ń lọ sábẹ́ igi nígbà tí mo rí obìnrin kan tó dá jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ funfun àwọn Aládùúrà ló wọ̀, ó di àmùrè mọ́ ìbàdí, ó sì dé fìlà funfun. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ náà ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí i rí, lọ́jọ́ tó wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé mo ń fìyà jẹ ọmọ rẹ̀ tó ń sá kúrò ní kíláàsì lọ gbá bọ́ọ̀lù. Apá ibi Ìkirè lòun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, oko kòkó olóko ni wọ́n ń bá wọn ṣe lọ́nà Ofosu, wọ́n á sì pín ohun tó bá jáde níbẹ̀. Ó ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó máa sáré. Ìgbà tí kò bá sáré ni mo máa ń bẹ̀rù." N ò na ọmọ yẹn mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ìgbà wo lẹ dé?"

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo dé. Ìṣọ́-òru la ṣe. Bá a ṣe ṣe àmín tán ni mo gba ibí wá."

"Ṣé ọmọ yín ò lè fi ránṣẹ́ sí yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ sì hàn. "Ó ní òun á fi ránṣẹ́. Mo ní rárá o. Gbogbo ayé fẹ́ ra ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló dé tí èmi ò ní rà á? Mo fẹ́ tò, kó kàn mí, kí n nawọ́, kí wọ́n gbé e fún mi."

Mo béèrè bàtà rẹ̀ nínú ìlà. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà sí aṣọ yẹn. Kò sì padà sí oko lọ pààrọ̀ rẹ̀ kó má bàa pẹ́. Ó ní òun ti gbé òkúta kan sílẹ̀ lẹ́yìn bàtà aláwọ yẹn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé bàtà yẹn nìkan lòun bá níbẹ̀. A jọ wo ibẹ̀. Sálúbàtà aláwọ̀ pupa ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi ẹsẹ̀ gbá òkúta náà sínú gọ́tà.

Ìgbà tí Bàbá Oníkòkó jí dé ni oníṣọ́ọ̀bù ṣílẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ètò ni. Ó máa ń gbé bàtà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á béèrè olówó rẹ̀. Bó ṣe gbé ti Bàbá Oníkòkó tán, obìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí gbogbo èèyàn, ó ní òun ló kàn.

"Màmá, bàtà yín dà?"

"Òkúta ni mo fi síbẹ̀, ọmọ mi. Aṣọ àdúrà ló wà lọ́rùn mi."

Bàbá Oníkòkó ló dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Òkúta? Ní Ìdànrè yìí? Bí òkúta bá lè tò, a jẹ́ pé gbogbo Òkè Ìdànrè ló wà níwájú wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn àpáta kọ́kọ́ ra tiwọn!"

Ẹ̀rín bú sábẹ́ igi. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, èmi gan-an ni ǹ bá jí i, ǹ bá sì máa sọ ọ́ kiri bíi pé èmi ni mo dá a.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ gbọ́! Ìyá ọmọ náà nìyí. Òun ló bí ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ rà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín! Obìnrin onídìrí kan, òun ló ni sálúbàtà pupa yẹn, pàtẹ́wọ́ sí mi. "Tíṣà ti dé o! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ní wọ́n fẹ́ ta orí òkè fún àwọn òyìnbó. Mo lọ sọ fún ọkọ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí."

"Òótọ́ ni mò ń sọ!"

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá Oníkòkó ti ń wo ẹsẹ̀ obìnrin náà. "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè, kí ni á wá ṣe láìwọ bàtà? Màmá, ẹ̀yin ará oko, ẹ má bínú sí wa. Ìlà ni ìlà. Ọmọ Ìdànrè pọ́ńbélé lọmọ yẹn, ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kí àwa onílé kọ́kọ́ rí tiwa."

Ìbínú gbóná sí mi létí. Gbogbo wa tá a wà lábẹ́ igi yẹn ni kò wọ bàtà! Títì ni bàtà wa wà, ẹsẹ̀ wa sì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ bíi tirẹ̀. Èmi rèé, ẹni tó ti fi ẹnu rẹ̀ pa ìlú lẹ́rìn-ín láti ìgbà èwe, mo wá dé ọjọ́ kan tí mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́, ẹnu náà ò wúlò. Mo lọ bá a, mo ní kó gba ipò bàtà mi.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Tiyín ni tiyín. Mo ní tèmi." Ó padà lọ jókòó létí gọ́tà, níbi tí òkúta rẹ̀ wà.

Títà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Oníkòkó ya ọ̀rá tó bo páálí rẹ̀, òórùn tàdáwà àti páálí tuntun sì jáde. Ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó ń wá, ó wá nà án sókè. "Ọmọ wa rèé!" Wọ́n pariwo. Obìnrin náà dìde, ó sún mọ́ ọn, ó nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Bàbá Oníkòkó fà á sẹ́yìn. "Ẹ rọra o, Màmá, ọwọ́ yín á bà á jẹ́."

Obìnrin onídìrí ló kọ́kọ́ rí i. Ó wo káàdì, ó wo obìnrin náà, ó tún wo káàdì. Èjí kan náà. Iwájú orí kan náà, tó yọ síta bíi ti ẹni tó fẹ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù. "Yéè," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ọ̀rọ̀ náà lọ láti ẹnì kan dé èkejì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù.

"Màmá," ló wí, "kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n mú bàtà wá."

O rò pé wọ́n gbé páálí kan fún un nígbà náà? Fóònù ni wọ́n yọ. "Ìyá wa! Ìyá wa, ẹ wo ibí! Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí èjí yẹn hàn!" Àwọn tó ti rà á gbé káàdì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kí àwòrán lè dùn wò. Bàbá Oníkòkó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó yọ eyín, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó sì dá káàdì padà sínú àpò agbádá rẹ̀. Mo pariwo pé, "Ẹ fún un ní tirẹ̀!" Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò tán." Wọ́n sì padà sórí ìlà. Kò sí ẹni tó gbé bàtà rẹ̀ kúrò níwájú obìnrin náà.

Páálí tó kẹ́yìn ló kàn mí, mo sì rà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo ní, "Ìyá, ipò kọ́ nìyí, káàdì ni. Ẹ gbà á." Ó tú owó tó so mọ́ etí aṣọ. N ò fẹ́ gbà á. Ó ní, "Mo sọ fún yín pé mo fẹ́ rà á ni." Mo gba owó náà, ó sì gba ọmọ rẹ̀. Ó rọra ṣí páálí, ó wá a títí ó fi rí i, ó nu ojú káàdì náà mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na páálí àti ìyókù rẹ̀ sí mi.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ rà, Ìyá."

"Àwọn tó kù ní ìyá tiwọn, Tíṣà. Ẹ bá mi tọ́jú wọn."

Ó wá yíjú sí gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọmọ mi." Wọ́n dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́, Ìyá wa!" wọ́n sì ń fi fọ́tò han ara wọn. Ó rìn lọ sí gáréèjì tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ofosu, lórí títì tí oòrùn ti ń mú, láàárín kòkó tí wọ́n sá.

Ìbínú mi ti yẹ kó rọlẹ̀ láti ìgbà náà, mo mọ̀. Kò rọlẹ̀. Kì í ṣe òkúta tí wọ́n gbá sọnù ló ń dùn mí jù, nítorí ẹni tó gbá a kò mọ ẹni tó ni ín. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé ìgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n tún ṣe èyí tó burú jù. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì gbà á lọ fún ara wọn nínú fóònù, òun fúnra rẹ̀ sì dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ni mo máa ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fi fọ́tò náà hàn mí, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun àti Ìyá wa.

Bí ẹnì kan bá ti wá pe ẹnikẹ́ni ní "ọmọ wa" létí mi báyìí, mo máa ń bi í pé, "Ẹ̀yin àti ta ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Tíṣà tún ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í bá wọn rín in. Màá dúró síbẹ̀, màá máa wò wọ́n, títí wọ́n fi máa dáhùn.