Oògùn Ikọ́ Tí Kò Gba Ọpẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, èmi náà ti kéré rí o. Nígbà yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù ní Ìgàndó níbí. Ikọ́ mú àbúrò mi ọkùnrin débi pé kò lè jẹun, kò lè sùn. Ìyá mi sì ti sin ọmọ kan rí. Gbogbo àgbo tó mọ̀ ló ti sè, ikọ́ ò lọ.

Sísítà òyìnbó kan wà ládùúgbò wa tó ń wẹ ojú egbò fún àwọn ọmọdé. Áyálándì ni wọ́n ti bí i, lókè òkun lọ́hùn-ún. Ó rẹ́ àlùbọ́sà sínú abọ́, ó bu ṣúgà lé e, ó sì dé e mọ́jú. Omi tó sun jáde ló ní kí ìyá mi máa fi ṣíbí fún ọmọ mu. Oògùn ìyá ìyá rẹ̀ ni, ó ní.

Bí ìyá mi ṣe kúnlẹ̀ báyìí kó dúpẹ́, Sísítà sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Màmá, ẹ má dúpẹ́ o! Nílé wa, a kì í dúpẹ́ oògùn. Tí ẹ bá dúpẹ́, kò ní jẹ́ mọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ikọ́ rọlẹ̀. Ha, wàhálà wá dé! Ìyá mi, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹni tó ń dúpẹ́ àná nítorí omi tútù lásán! Ẹ sáà mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bó bá rí Sísítà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, kí ọpẹ́ má baà yọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n ti jà. Bàbá mi bá a wí títí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní aláìmoore jàre," ìyá mi á ní. "Ọmọ mi ṣáà ń sùn."

Lọ́jọ́ tí Sísítà ń padà sílé pátápátá, gbogbo àdúgbò lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́yìn èrò, ó fi ìborùn di ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. Sísítà la àárín èrò kọjá, ó dì mọ́ ọn. Títí dòní, bí mo bá rántí, ojú mi máa ń ṣomi.

Ayé ti yí. Ní Ìkòtún báyìí, ẹ ó ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbójú sókè wò yín, ẹ ó ní "tẹ́ńkiù", ẹ ó sì ti gbàgbé kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi ti ní ọmọ-ọmọ. Ìyá mi lọ sọ́run láìsọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn, ó sì ń wù mí kí n bá a sọ ọ́. Àmọ́ àbúrò mi húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣì gbẹ́nu dákẹ́ ná.