Iṣu Tí Kò Gbẹ Nínú Àpótí Mi

Inú ń bí mi títí dòní, ara mi ni mo sì ń bínú sí. Ọdún tí mo fi ń ṣe máàsítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kan àpótí onígíláàsì kan sí ẹ̀yìnkùlé Tàǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní Kèrè, láàárín àwọn òkè Dáṣà. Oòrùn yóò mú inú rẹ̀ gbóná, iṣu bíbọ̀ tí wọ́n ń sá fún èlùbọ́ yóò sì gbẹ láìsí wàhálà ẹnikẹ́ni. Mo ki àwọn ohun èlò tó ń wọn ooru, pẹ̀lú wáyà wọn, bọ inú rẹ̀, mo sì ya irú àpótí kan náà sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìṣirò kọ̀ǹpútà bá ti bá ti ẹ̀yìnkùlé mu, ìwé àṣekágbá mi yege nìyẹn.

Kò bá a mu. Kútọnu ni mo ń gbé, ọjọ́ Sátidé ni mo ń wá wo àkọsílẹ̀. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kàtàrí, ooru inú àpótí á já wálẹ̀ lójijì, á sì tún gòkè. Èmi ọ̀mọ̀ràn bá ní afẹ́fẹ́ orí òkè ni. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ṣírò afẹ́fẹ́ yìí sínú kọ̀ǹpútà, títí méjèèjì fi bára mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ tí màá gbèjà ìwé náà níwájú àwọn olùdánwò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń fọ́nnu fún Tàǹtí nípa afẹ́fẹ́ mi.

"Afẹ́fẹ́ wo? Èmi ni mò ń ṣí i."

"Ẹ̀ ń ṣí kí ni?"

"Àpótí rẹ. Mò ń yí iṣu padà lọ́sàn-án. Ta ló ń sá iṣu tí kì í yí i?"

"Yéè! Ṣebí mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Wáyà lo ní kí n má fọwọ́ kàn. Mi ò kàn án."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ọmọ Dáṣà, tí mo yí iṣu lórí àpáta nígbà èwe mi, n kò rántí. Ojú tì mí gan-an.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní kí n tún ìdánwò náà ṣe kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má ṣí àpótí. Tàǹtí fúnra rẹ̀ gé ìwọ̀nba iṣu tó kù fún jíjẹ ilé, ó bọ̀ ọ́, ó sì tò ó sínú àpótí. Lọ́jọ́ karùn-ún mo dé. Ooru kò já wálẹ̀ rárá, ìlà rẹ̀ gún régé. Mo ṣí àpótí, òórùn pàdé mi. Gbogbo iṣu náà ti bu láti abẹ́.

Ọwọ́ Tàǹtí ló ti ń mú iṣu gbẹ láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ìwé kankan tí màá gbèjà mọ́.

Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o, ọmọ mi. Ṣé ó ti wá dáa báyìí?"

Mo ní ó ti dáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu náà dànù.