Ètò Oṣù Mẹ́ta àti Báírò Pupa

Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì ni mo fi ń rántí ọ́fíìsì wa ní Ìṣẹ́yìn. Ìwọ tí o ti ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò lè gbàgbé òórùn yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé, ètè gbogbo wa ti là, èmi sì ń ṣètò ohun tí ìwé ìròyìn àwọn àgbẹ̀ yóò máa sọ, àti ọjọ́ tí a ó máa pín in, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kà á, iṣẹ́ náà di tèmi; bí wọn ò bá kà á, kí n padà sídìí iṣẹ́ tíṣà tí mo ti wá.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òtù àti Àgọ́-Àrẹ láti bi wọ́n léèrè bóyá ọjọ́ Mọ́ńdè yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyá kan tó ń sá gbodo sórí àpáta fi mí rẹ́rìn-ín: "Ọjọ́ Mọ́ńdè kẹ̀? Oko la máa wà o, tíṣà! Gbé e wá lọ́jọ́ ọjà, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún wa." Mo bá fi ọjọ́ ọjà, lọ́rọọrún, to gbogbo ètò náà.

Ọ̀gá mi fi báírò pupa fa igi lé e. "Ìjọba kì í ná ọjà, màdáàmù. Mọ́ńdè ni." Ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ̀wé fún wa ló tún un tẹ̀, òun náà ló fi èyí tó ní báírò pupa pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà kún ilẹ̀ bí pòpórò. Aṣojú kan dé láti Ìbàdàn, ó ní ta ló mú Mọ́ńdè. Ọ̀gá mi nàka sí mi, kò ṣẹ́jú. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Ẹ má bínú, sà. N ò rí báírò pupa kankan. Bí Ìyá Ìbejì yìí ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

  Ìka ọ̀rẹ́ mi ni mo ń wò: òróró dùndú tí mo gbé wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dán níbẹ̀.

Mo padà sídìí iṣẹ́ tíṣà. Ẹni tó gba ipò mi ń pín ìwé náà lọ́jọ́ ọjà, wọ́n sì yìn ín. Ọ̀gá yẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ìwé mi fún ẹnikẹ́ni bá mi pa mọ́ mọ́. Àwọn ọmọ mi ń fi àpótí irin tí mo ń kó ìwé mi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rẹ́ kan ì bá wà ló wà.