Iye Owó Bíréèkì Àbẹ̀kẹ́

Mùsítúrà, tó ń rán aṣọ iléèwé ní Ìbà, ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó jókòó jẹ́jẹ́. Ó ní wọn ò dá ẹsẹ̀ òun fún máṣíìnì nìkan. Nígbà tó ra Corolla tókunbọ̀ kan, ó sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, ó sì ń kí i láàárọ̀ kó tó kí aládùúgbò. Bó bá ti wà nídìí ọkọ̀, ẹ̀rín á máa pa á láìnídìí. Á fun fèrè fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, á fun ún fún adìyẹ pàápàá.

Lọ́jọ́ kan, òun àti Fẹ́yìsetán ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta aṣọ yáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe dé Òkòkòmáíkò, Mùsítúrà tẹ bíréèkì. Àbẹ̀kẹ́ han gooro bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò, kò sì tètè dúró. Ó ń yọ́ lọ títí imú rẹ̀ fi kan ìdí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan. Nǹkan kan ò fọ́. Onímàrúwá náà bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ ń fẹnu kò mí, ẹ ò tíì san owó orí mi o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n rọra wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Jímọ̀ mẹkáníìkì. Jímọ̀ wà á síwá sẹ́yìn, ó dẹ etí sí táyà.

"Mọ́mì, páàdì iwájú ti tán, ó sì ti jẹ dísìkì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà."

Mùsítúrà di orí mú. "Jímọ̀, bíréèkì ni mo ní kó o bá mi ṣe o, mi ò ní kó o ta ilẹ̀ fún mi!"

Fẹ́yìsetán fà á lápá. "Wọ́n rí i pé obìnrin ni ẹ́, wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Jẹ́ ká béèrè níbòmíràn."

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ajangbadi. Mẹkáníìkì kan tó wọ awò dúdú kò jẹ́ kí Mùsítúrà sọ̀rọ̀ tán.

"Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Ẹ gbé e wá, ẹ ó sì gbé e lọ kílẹ̀ tó ṣú."

Fẹ́yìsetán ki ijó mọ́lẹ̀. Mùsítúrà náà gbè é, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú láàárín àwọn táyà àlòkù, mẹkáníìkì alára ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àárín ijó ni ẹsẹ̀ Mùsítúrà ti dúró. Bí àwọn èèyàn bá pè é lórí fóònù pé èló ni yóò rán aṣọ ọmọ àwọn, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ mú ọmọ wá kí n wọ̀n ọ́n ná." Ọkùnrin yìí kò tíì rí Àbẹ̀kẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ ò tiẹ̀ béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́."

"Mọ́mì, bíréèkì ni bíréèkì ń jẹ́."

"Dísìkì tó ti jẹ ńkọ́?"

"A óò fi sáńpépà nù ún. Á máa dán!"

"Á máa dán!" ni Fẹ́yìsetán gbè é lórin, kò tíì jáwọ́ nínú ijó. Mùsítúrà wọ́ ọ jáde.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ Jímọ̀, Mùsítúrà ní, "Tú u. Jẹ́ kí n fojú ara mi rí i."

Jímọ̀ fi jáàkì gbé Àbẹ̀kẹ́ sókè, ó yọ táyà. Páàdì ti jẹ tán, irin lásán ló kù. Mùsítúrà fi ìka tọ dísìkì bó ṣe máa ń tọ etí aṣọ, ó sì bá kòtò lára rẹ̀.

"Háà, Àbẹ̀kẹ́ mi, ò ń jìyà, o ò sọ!"

"Ó sọ o, Mọ́mì. Ariwo yẹn ni."

Ó ní kí Jímọ̀ pín owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti páàdì, ti dísìkì, ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti Fẹ́yìsetán sọdá títì, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀, wọ́n béèrè ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu, àfi dísìkì tí Jímọ̀ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé. Mùsítúrà sáré padà, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó mú olè ewúrẹ́.

"Jímọ̀! Ẹgbẹ̀rún márùn-ún orí dísìkì, ta ló ni ín?"

Jímọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ olóòróró bojú. "Mọ́mì, owó ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ lọ rà á ni. Àti ẹ̀bà ọ̀sán."

"Kò burú. Èmi náà máa ń fi owó òwú lé owó ìránṣọ. Àmọ́ èmi ni mo máa lọ rà á fúnra mi, torí náà yọ owó ọkọ̀ kúrò. Ẹ̀bà, màá rà á fún ẹ. Èyí tó kù, owó rẹ tọ́."

Ó ra páàtì, ó ra ẹ̀bà, gbogbo wọn jẹ ẹ́ lórí àga ọkọ̀ àlòkù kan.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ jáde láti dán an wò. Jímọ̀ jókòó síwájú, Fẹ́yìsetán wà lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, torí pé tuntun..."

Mùsítúrà ti tẹ̀ ẹ́. Àbẹ̀kẹ́ dúró gbagidi. Fìlà Jímọ̀ fò lọ lu gíláàsì iwájú. Gbogbo ohun tó wà nínú báàgì Fẹ́yìsetán dà sílẹ̀.

"Ó dúró!" ni Mùsítúrà kígbe.

"Tún un tẹ̀!" ni Fẹ́yìsetán náà kígbe.

Jímọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn padà.

Lọ́nà Ìbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọdá tí Mùsítúrà ò dúró fún. Ó dúró fún àwọn tí ò fẹ́ sọdá pẹ̀lú. Bàbá arúgbó kan dúró tirẹ̀ létí títì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mùsítúrà dá Àbẹ̀kẹ́ dúró níwájú rẹ̀, ó ń juwọ́ sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọjá." Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, bàbá sọdá. Ó wá dúró sí òdìkejì, ó ń wo ibi tó ti kúrò.