Àgbàlá Kan, Ẹ̀sùn Mẹ́ta

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwọn ológun ti wà lórí oyè fún ọdún mélòó kan, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì kù nílẹ̀ wa. Kámáráàdì ni gbogbo wa ń pe ara wa ní Ṣábẹ̀, ní òdìkejì ààlà Nàìjíríà, títí kan ẹni tó fẹ́ tì ọ́ mọ́lé. Olùkọ́ ni mí ní Kábúà, abúlé kan níbẹ̀, nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lágbègbè wa. Mo ti darúgbó báyìí, síbẹ̀ mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n pe àwọn ará Kábúà sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ wa láti yan delegéè, ìyẹn ẹni tí yóò máa ṣe olórí abúlé lójú ìjọba. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nawọ́ sókè. Àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló nawọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ ẹnì kejì nawọ́, ọwọ́ kún àgbàlá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá ka ọwọ́ ṣí fáìlì rẹ̀, ó sì pe orúkọ ẹni àkọ́kọ́ pé òun ló wọlé. Wọ́n ti tẹ orúkọ náà sórí ìwé kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ìyá Bọ́sẹ̀, àgbàlagbà obìnrin kan tó ń dáko òwú, ló kọ́kọ́ dìde.

“Ọmọ mi, tún un kà. Àbí ojú ń dùn ọ́ ni?”

“Ó ti parí, Ìyá.”

“Kò tíì parí. A ò ní kúrò níbí títí o ó fi tún un kà.”

Ni gbogbo wa bá jókòó sílẹ̀. Èmi kọ ìwé ẹ̀hónú lójú ẹsẹ̀, mo sì pe ohun tí wọ́n ṣe ní olè jíjà. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Músítáfà, tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́, tó wá nájà ní Kábúà, rí i pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn àgbà, ó sì gbé garawa omi méjì wá fún wọn. Ọmọ Ṣakí ní Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Kò nawọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe ará abúlé. Omi ló gbé wá.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn jàndáàmù, ọlọ́pàá tó jẹ́ ológun, dé pẹ̀lú ìbọn. Àwa mẹ́ta ni wọ́n kó lọ: Ìyá Bọ́sẹ̀, èmi, àti Músítáfà.

Ọ̀gá wọn ló kọ ẹ̀sùn wa. Ó kọ ọ́ pé Ìyá Bọ́sẹ̀ dí àpéjọ lọ́wọ́. Ẹ̀sùn kékeré nìyẹn; kí ẹbí rẹ̀ kan wá tẹ̀ka síwèé, kí Ìyá sì máa lọ ilé. Ó kọ ọ́ pé èmi bú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyẹn wúwo díẹ̀. Mo ní láti san owó ìdúró, kí ẹni tó ń gba owó oṣù ṣe onídùúró mi, kí n sì máa wá fojú hàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé Músítáfà ṣe lòdì sí ààbò orílẹ̀-èdè. Ẹ̀sùn yẹn kò gba onídùúró rárá. Kì báà jẹ́ òun ló ni gbogbo òwú Kábúà, inú àtìmọ́lé ni yóò wà.

“Ọ̀gá,” mo ní, “ibì kan náà la jókòó sí. Èmi ni mo kọ ìwé. Omi ni ọkùnrin yìí gbé wá.”

“Kámáráàdì Olùkọ́, àjèjì tó ń fi omi gbé ọlọ̀tẹ̀ ró, kí lẹ fẹ́ kí n pè é?”

“Ẹ pè é ní ẹni tó gbé omi wá.”

Ó pa fáìlì rẹ̀ dé.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ló dọ́gba o. Àwọn baba wa náà wọn ẹ̀ṣẹ̀ wò kí wọ́n tó ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Apànìyàn àti ẹni tó pariwo lọ́jà kò yẹ kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó mú báírò lọ́wọ́ ló ń wọn ẹ̀ṣẹ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó fi òṣùwọ̀n hàn.

Ẹbí Ìyá Bọ́sẹ̀ wá tẹ̀ka fún un. Àna mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dúró fún mi. Mo lọ ilé ní ọjọ́ kẹta.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi ò sinmi. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Wọ́n ní kí n kọ̀wé, mo kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó máa ka ìwé náà ti rìnrìn àjò. Nígbà tó dé, wọ́n ní ìwé mi ti sọnù, kí n tún un kọ. Akọ̀wé àgbàlagbà kan nílé ẹjọ́ ló ṣàánú mi níkẹyìn.

“Olùkọ́, ẹ má wá onídùúró kiri mọ́,” ó ní. “Orúkọ ẹ̀sùn ni kí ẹ bá jà. Bí ìyẹn bá sọ̀ kalẹ̀, ìdúró á bá a sọ̀ kalẹ̀.”

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Bọ́sẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó kó àwọn ará Kábúà sínú ọkọ̀ akẹ́rù òwú, ó di ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba.

“Gbogbo wa la mu omi yẹn,” ni Ìyá wí fún un. “Bó bá jẹ́ ọ̀tẹ̀ ni, ikùn wa ló wà. Ẹ tì wá mọ́lé.”

Ọkùnrin náà wo èrò tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fáìlì wá, ó fa ìlà sórí ẹ̀sùn àtijọ́, ó kọ ọ́ pé Músítáfà dí àpéjọ lọ́wọ́. Kò gbà á ní àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi. Ìyá Bọ́sẹ̀ tẹ̀ka síwèé bí ẹbí rẹ̀, Músítáfà sì jáde. Oṣù mẹ́jọ ló ti lò níbẹ̀.

A jèrè pé ó jáde láàyè. A tún jèrè pé lágbègbè wa, títí dé Sakin àti Ọ̀fẹ̀, bí wọ́n bá mú ènìyàn, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò yàn ṣe delegéè fún ọdún púpọ̀. Ẹlòmíràn ti gba ìsọ̀ Músítáfà lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé irọ́ ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́.

Músítáfà pinnu láti lọ sí Ṣakí, ìlú bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Ó ní, “Olùkọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ ilé, ṣé ẹ tiẹ̀ rò ó pé kí ẹ kọ̀?”

Mi ò rò ó. Mo ti ká ẹní mi kí ọ̀gá náà tó sọ̀rọ̀ tán. Dípò kí n sọ ọ́ fún un, mo gbé àpò tó kù sínú ọkọ̀. Ó wọ ọkọ̀.