Ọjọ́ Tí Ẹ̀wọ̀n Mú Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì mọ̀ pé inú òtútù Dagenham nílùú òyìnbó níbí ni n óò darúgbó sí, ẹ̀wọ̀n ti mú mi rí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan là ń pè bẹ́ẹ̀ nílé: òdòdó rẹ̀ funfun bí òwú, èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó pupa, ẹ̀gún rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Wọ́n ti ṣán an tán ní gbogbo àgbègbè wa nítorí oko. Etí odò tó wà nísàlẹ̀ oko ìyá àgbà mi nìkan ló kù sí, ó hun ara rẹ̀ pọ̀ débi pé oòrùn kì í kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀gà ń kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀, ọ̀yà ń sá sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin kan wá fẹ́ sun ún, kí wọ́n lè gbin tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn síbẹ̀. Ìyá àgbà ní gbòǹgbò rẹ̀ ló di etí odò mú, pé bó bá lọ, ilẹ̀ á bá omi lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Àwọn asọ́gbó ìjọba, tó ń mú ẹni tó bá finá sígbó, nìkan ni wọ́n bẹ̀rù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ ìyá àgbà sá wọ abẹ́ ẹ̀wọ̀n, mo tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ jáde lódìkejì. Èmi ò jáde. Bí mo ṣe ń jà ni ẹ̀gún ń wọlé sí i, ní ṣòkòtò, ní etí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin náà, tí òórùn kẹrosíìnì sì gba imú mi. Akọni ọmọ ì bá ní, “Ẹ dúró, èèyàn wà níbí.” Èmi akọni yín kọ́kọ́ tọ̀ sára ná, kí n tó wá ké pé:

“Ẹ̀wọ̀n mú mi o! Ẹ gbà mí!”

Wọ́n rò pé asọ́gbó ti mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó mú iná dání jù ú sódò. N kò tún rí àgbàlagbà tó sáré tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi ní Barking níbi, tí wọ́n bá ń lé bọ́ọ̀sì Creekmouth.

Ìyá àgbà ló wá bá mi níbẹ̀.

“Má fà á mọ́, ọkọ mi,” ó ní. “Rìn padà sọ́dọ̀ rẹ̀, á fi ọ́ sílẹ̀.”

Mo rìn sẹ́yìn, ẹ̀gún sì tú.

Lọ́jọ́ kejì ó fà mí lọ́wọ́ kiri ilé àwọn ọkùnrin náà, ó ní kí wọ́n wo ọmọ tí wọn ì bá sun mọ́ igbó. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé àkùkọ kan wá, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iná ò ní kan ibẹ̀ mọ́.

Ayé ti yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹ̀gún mú wa ní ọgbà ìgbafẹ́ Mayesbrook, ẹ̀yin fa jákẹ́ẹ̀tì yín ya, ẹ ní ẹ máa ra òmíràn. Èmi rìn sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ kóòtù mi ṣì wà lódidi. Àbúrò mi fi fọ́tò odò náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Òdìkejì, tí wọ́n ṣán, ti wó bá omi lọ. Tiwa dúró, ó funfun fún òdòdó.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ má tijú. Ẹ sọ pé bàbá yín ti ti ẹ̀wọ̀n dé rí, pé àkùkọ ni wọ́n fi kí i káàbọ̀, àti pé ẹ̀wọ̀n náà ṣì wà lóòró dòní.